Ìrìn Tí Kì Í Ṣe Ti Ìyá Alágbàfọ̀

Nígbà tí iṣan gìgísẹ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ já, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ wò. Ó ń wá ẹni tó gbá a nípàá.

Ọ̀sán gangan ni. Ó ru kọ́tìnnì tó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ tán léjìká, ó ń kó o lọ sínú ọkọ̀ oníbàárà kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀ kó lè ré gọ́tà kékeré tó wà níbẹ̀ kọjá, ni nǹkan kan bá dún pà! bí ìgbà tí ènìyàn bá fi bẹ́líìtì na ògiri. Ó yí padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó bá lẹ́yìn rẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì, ọkùnrin kúkurú kan tó máa ń to búrẹ́dì sínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ni mo ṣe fún ọ? Mo ní kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi gbá mi nípàá?"

"Èmi kẹ̀? Màmá, ẹ wo ibi tí mo wà o! Ṣé ẹsẹ̀ mi gùn tó báyìí ni?"

"Ta ló tún wà níbí? Ṣé òjìji ló gbá mi ni?"

Ibi tó ti ń bú u lọ́wọ́ ló ti rí i pé òun ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun kò pinnu láti jókòó. Gìgísẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Oníbúrẹ́dì yìí kan náà ló pa àpótí rẹ̀ dé, tó gbé Ìyá Alágbàfọ̀ sínú ọkọ̀, tó sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin náà sì ń bú u lọ lójú ọ̀nà títí wọ́n fi dé ẹnu géètì ibẹ̀. Nígbà tí dókítà wá sọ fún un pé kò sẹ́ni tó gbá a, pé iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló já fúnra rẹ̀, pé bó ṣe máa ń rí lára gbogbo ẹni tó bá já fún nìyẹn, àti pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ láti rán an pọ̀, ó ní, "Ó dáa."

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìbínú tó bí sí Oníbúrẹ́dì ni ohun gbígbóná kan ṣoṣo tó tíì ti inú rẹ̀ jáde láti ìgbà náà, àní ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Orí àga ni ọkọ rẹ̀ kú sí, nísàlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aṣọ tó ń ká. Ó dà bí ẹni tó tòògbé. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹnì kan ṣì wà lórí itan rẹ̀, apá kan ti wà ní kíká. Ìyá Alágbàfọ̀ gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká apá kejì, ó gbé e sórí pẹpẹ, kó tó lọ pe àwọn ènìyàn. Kò sunkún. Àwọn tó wá kí i ń sọ fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá yìí mà lọ́kàn o." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn rárá. Ó wá ẹkún náà títí ni, kò rí i.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kò mọ nǹkan kan mọ́. Nọ́ọ̀sì fi owú tútù kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ń gbọ́ ọ lára. Ó ní rárá. Ó wo òkè àjà, ó rò ó pé bí gbogbo ara òun ti rí láti ìjọ́un nìyí, àfi pé ẹnikẹ́ni kò fi owú kàn án kó bi òun.

* * *

Ilé wọn jẹ́ alájà kan. Ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, ó kún fún okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, àti òórùn ọṣẹ òun aṣọ gbígbóná. Yàrá, pálọ̀ àti ìdáná wà lókè. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tó yí ní àárín méjì ló so wọ́n pọ̀. Inú ilé yìí ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin tó ti wà nílé ọkọ tipẹ́tipẹ́ nílùú mìíràn, wá bá a gbé láti tọ́jú rẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi pí-ó-pí di ẹsẹ̀ náà, ọmọ ìka rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ bíi ti ẹyẹ tó ń bà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún un ní bàtà gíga bíi ti sójà, wọ́n to fóòmù sábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi tẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ́ ọ ní ìrìn nílé ìwòsàn. "Ẹ dìde" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti rí ẹnikẹ́ni, kí ó tó kí wọn pàápàá, làwọn aláìsàn bá sọ ọ́ ní Ẹ-Dìde.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ káàárọ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí."

"Kò dùn yín rárá? Àwọn ẹgbẹ́ yín ń pariwo orúkọ ìyá wọn níbí o."

"Ìyá mi ti kú, ọmọ mi. Bí mo pè é, kò ní dáhùn."

Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín. Ìyá Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó di irin ìdúró méjèèjì mú, ó lọ, ó bọ̀, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe.

Ìsinmi tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́ wá ń lọ sópin. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà jókòó tì í.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé wa. Bí ẹ bá lè gun àtẹ̀gùn yìí lọ sókè sódò fúnra yín kí n tó lọ, kò sóhun tó burú, ẹ dúró nílé yín. Bí ẹ kò bá lè gùn ún, mi ò lè fi yín sílẹ̀ níbí. A ó ti ilé pa, ẹ ó bá mi lọ. Ilé tiwa kò ní àtẹ̀gùn."

"Ó dáa."

"Ó dáa, ó dáa! Èwo ló dáa níbẹ̀?"

"Méjèèjì."

Kì í ṣe méjèèjì. Ilé ọmọ rẹ̀ dára, wọ́n kùn ún ní funfun, fèrèsé rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀ rí. Bí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ alẹ́, kò sí ibì kan tí yóò ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni kò mọ bí òun ṣe lè sọ jáde lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn ọkùnrin náà. Ó jábọ́ látorí ọkọ̀ akẹ́rù nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ó máa ń di ọ̀pá mú lọ́wọ́ òsì, á fi gún ilẹ̀, kọ́, á sì wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, wọ́ọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́-Wọ́ọ́, ó sì ń jẹ́ wọn. Rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀pá náà ti jẹ tán láti ìgbà pípẹ́, igi lásán ló ń kan sìmẹ́ńtì. Ìyàwó rẹ̀ ní kó ra òmíràn sí i. Ó ní, "Bí mo bá fi rọ́bà sí i, ta ni yóò sọ fún ọ pé mò ń bọ̀? Àbí kí n máa fọn fèrè?" Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, tó ń gòkè bọ̀, kí ó tó dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ìyàwó á ti bu omi ìfọwọ́. Kí ó tó di ilẹ̀kùn mú, oúnjẹ á ti wà lórí tábìlì. Wọ́n lo ayé wọn báyìí. Kò sí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn nílé wọn.

* * *

Nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà sójà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Ẹ-Dìde ní kó wá ọ̀pá kan tí yóò máa tẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fa ti bàbá rẹ̀ yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ lo ti Bàbá. Kí la tún ń ra òmíràn fún?"

Ọwọ́ òsì ni Ìyá Alágbàfọ̀ nà láti gbà á. Kò rò ó. Ọwọ́ tó ti ń rí ọ̀pá náà láti àárọ̀ ọjọ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì fi í sí. Ó gbéra láti pálọ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kọ́. Wọ́ọ́. Kọ́. Wọ́ọ́.

Nínú ìdáná, ọ̀bẹ ọmọ rẹ̀ dúró lórí àlùbọ́sà.  Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lọ. 

Láti ọjọ́ náà, kò rẹ Ìyá Alágbàfọ̀ láti rìn. Ó ń rìn láàárọ̀, ó ń rìn lọ́sàn-án. Bó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ọmọ rẹ̀ á di apá rẹ̀ mú, wọ́n á sì tún jọ gòkè padà. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bà jẹ́. Ṣùgbọ́n ilé náà kì í dákẹ́ mọ́. Bí Ẹ-Dìde bá pè lórí fóònù láti béèrè, ọmọ á dá a lóhùn.

"Ṣé Màmá ń rìn?"

"Wọ́n ń rìn."

"Ṣé wọ́n ń rìn dáadáa?"

"À ń gbọ́ wọn."

Nílé ìwòsàn, láàárín irin méjì, kò sí ọ̀pá, ó ń rìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó wá ya Ẹ-Dìde lẹ́nu pé nígbà tó fi okùn ìwọnṣọ wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì rẹ̀, dípò kó máa tóbi, kíkéré ló ń kéré sí i. Bó ṣe ní òun ń bọ̀ wá wò ó nílé nìyẹn.

Ó dé, wọ́n fún un ní àga, kò jókòó.

"Ẹ dìde, Màmá. Ẹ kú ilé o. Ẹ rìn kí n rí yín."

Ìyá Alágbàfọ̀ mú ọ̀pá. Kọ́, wọ́ọ́, dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́, wọ́ọ́, padà. Ẹ-Dìde bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè lẹ́sẹ̀ òsì, ó rí ojú abẹ níbẹ̀. Ó ká a sókè lọ́tùn-ún, kò rí nǹkan kan.

"Màmá, ẹsẹ̀ wo la ṣe iṣẹ́ abẹ sí?"

"Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n ni? Òsì ni."

"Èmi mọ̀ pé òsì ni. Ẹsẹ̀ yín ni kò mọ̀. Ọ̀tún lẹ ń wọ́!" Ó dìde, ó fi ara rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. "Òsì tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ dúró gbagidi bí òpó, ẹ fi ọ̀pá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ọ̀tún tí Ọlọ́run dá tí kò ṣe nǹkan kan lẹ ń wọ́ bí àpò ìrẹsì. Ta ló kọ́ yín nírú ìrìn yìí?"

Ìyá Alágbàfọ̀ wo orí ọ̀pá náà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan ti di í mú títí ó fi ń dán.

"Ẹni tó ni ọ̀pá ni."

 Ẹ-Dìde yíjú sí ọmọ. Ọmọ náà ń wo ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lára ògiri náà.

Ohùn Ẹ-Dìde ti rọ̀. Ó ní kí ọ̀pá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní kó máa di etí síǹkì mú, kó máa gbé gìgísẹ̀ òsì sókè, kó máa sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó yọ rọ́bà dúdú kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ fi èyí sẹ́nu ọ̀pá kó má baà yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Màmá mi, mi ò ní tàn yín. Bí mo bá padà wá tí gìgísẹ̀ yìí kò tíì máa gbéra, àtẹ̀gùn yìí kì í ṣe tiyín mọ́. Màá sọ fún ọmọ yín kó máa gbé yín lọ."

"Ó dáa," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí.

Rọ́bà wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ rẹ̀ bá wà nítòsí, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá á wà. Bí ọmọ bá ti wọ ìdáná, á dá a padà sí òsì bí ọmọdé tó ń jí ṣúgà lá. Ó mọ ohun tó ń ṣe nísinsìnyí, ìyẹn ló sì mú kó le. Bó bá rìn ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ á gbóná, á fẹ́ máa jí, ṣùgbọ́n ilé á pa rọ́rọ́. Bó bá rìn ní ti ọwọ́ òsì, ẹsẹ̀ á máa sùn lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan á máa bọ̀. Bó bá fẹ́ máa gbé nínú ilé ọkọ rẹ̀, àfi kó lé ìrìn ọkọ rẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Ó gbé e yẹ̀ wò bí ènìyàn ṣe ń yí aṣọ tó lábàwọ́n padà lọ́wọ́. Kò rí ẹ̀gbẹ́ tí àbàwọ́n náà kò yọ sí.

* * *

Ọmọ rẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ jáde sórí ibùsùn, ó ń kó aṣọ sí i.

"Mo ti bá Bàbá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gbé ọkọ̀ tó ní àyè lẹ́yìn wá, nítorí ẹrù yín."

"Ó dáa."

Ọmọ náà ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ kò tíì yí ọ̀pá yẹn padà."

"Mo yí i padà. Ṣebí o rí i."

"Lójú mi lẹ yí i padà. Bí mo bá wọ ìdáná, ẹ ó dá a padà. Mò ń gbọ́ yín."

"O ń gbọ́?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti fà á lé yín lọ́wọ́! Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹsẹ̀ Bàbá mi ni? Ẹsẹ̀ yẹn ló ń jí mi lọ sílé ìwé. Òun ló ń mú mi pa tẹlifíṣọ̀n kíákíá bí mo bá ń wò ó láìgba àṣẹ."

"O kò wí nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ wí?" Ó rẹ́rìn-ín kan tí omi wà nínú rẹ̀. "Mo máa ń pa iná sítóòfù kí ọbẹ̀ má baà máa pariwo sí mi létí. Kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo rí i pé ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan lẹ ń wọ́, mo dákẹ́. Mo ní kó ku ọjọ́ kan sí i. Kó tún ku ọjọ́ kan sí i. Ẹ ò rí nǹkan, èmi náà ni mo ń ba ẹsẹ̀ yín jẹ́."

Ìyá Alágbàfọ̀ kò mọ ohun tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó mú búláòsì tí ọmọ jù sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó ṣẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó ká a.

"Ta ló bá ọ lọ aṣọ yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"O kò lọ ọrùn rẹ̀."

"Ẹ má bínú."

"Gbé áyọ́ọ̀nù wá. Kò yẹ kí ọmọ alágbàfọ̀ máa wọ aṣọ tó rún lọ́rùn kiri."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ ọrùn aṣọ náà. 

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní bálùwẹ̀ nígbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ mú rọ́bà dúdú kúrò lórí tábìlì. Ó ti ẹnu ọ̀pá bọ̀ ọ́, kò wọlé dáadáa. Ó wo yíká, ó rí áyọ́ọ̀nù àná tó ti tutù. Ó dojú ọ̀pá délẹ̀, ó fi ìdí áyọ́ọ̀nù gbá rọ́bà náà títí ó fi wọlé ṣinṣin. Ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹnì kan sọ pé kó má ṣe é. Ó wá lọ.

Bí wọ́n ti kọ́ ọ ló ṣe sọ̀ kalẹ̀: ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn ṣáájú, èyí tó le tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì lórí irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Nísàlẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Eruku ti bo tábìlì. Àga náà ṣì wà níbi tó wà. Oníbúrẹ́dì rí i láti ìta, ó sáré fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Màmá! Ẹ wò ó, ọwọ́ mi rèé. Ẹsẹ̀ mi náà rèé o, mo kó o sábẹ́ ara mi!"

"Máa kó o síbẹ̀. Mi ò tíì dá ọ láre."

"Ẹ ti ń rìn dáadáa o, Màmá."

"Kú iṣẹ́," ó dá a lóhùn, ó sì yí padà.

Gígòkè ló le. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́. Gìgísẹ̀ òsì ní láti gbéra lẹ́yìn, kó ti gbogbo ara sókè. Ó gbéra. Ó dùn ún. Kì í ṣe ìrora ńlá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni, ó sì mọ ibi tó wà gan-an, lójú ibi tí wọ́n ti rán an. Ó tún gbé òmíràn, ó tún dùn ún. Nígbà tó dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, ó dúró, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pá kò dún. Ẹsẹ̀ kò wọ́. Sálúbàtà ni, àti èémí ara rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, bóyá ẹkún tó ń wá láti ìjọ́un máa wá bá a níbẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó tún gbé gìgísẹ̀.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ti inú ìdáná jáde.

"Ta nìyẹn?"

Wọn kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí lórí àtẹ̀gùn yìí. Ìyá Alágbàfọ̀ di irin mú. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ó yẹ kó ronú kó tó dáhùn.

"Èmi ni."

"Màmá? Ṣé ẹ̀yin nìkan ni?"

"Èmi nìkan ni. Pe ọkọ rẹ. Sọ fún un pé kó má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ ńlá wá, ìwọ nìkan ló ń bọ̀ wá gbé." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn tó kàn. "Sì wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná, ó ti ń jóná."